Ìrírí mi: Bí ọ̀rọ̀ fọ́tò ṣe dá ètò ìwé kíkà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa dúró

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò sì ní fi pamọ́. Ilé-iṣẹ́ kan ṣèlérí páálí ìwé fún àwọn ọmọ tí kò ní ìwé kankan nílé. Ìwé náà sì wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí wọn títí sáà ẹ̀kọ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Kì í ṣe pé kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé e. Kì í ṣe pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ò ṣe tán. Nítorí fọ́tò ni. Wọ́n fẹ́ kí ojú àwọn ọmọ náà hàn kedere nínú fọ́tò kí wọ́n tó yọ̀ǹda ìwé. A háyà ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ òfìfo la gbé padà, a sì san owó rẹ̀ pé. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi yanjú, owó tó ti bá a lọ ì bá ti ra ìwé àlòkù tó pọ̀ tó èyí tí wọ́n fún wa.

Èmi ni olùkọ́ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún àwùjọ nílé ìwé wa. Ọmọ ọdún 14 sí 17 ni wọ́n. Àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé, ìwé tí òbí á fọwọ́ sí, àgbàlagbà tí yóò máa bá wọn lọ nígbà gbogbo: ẹni tó bá ti kó ọmọ jáde rí mọ gbogbo ìyẹn, mi ò ní fi dá yín dúró.

Bí a ṣe yan iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ní èrò tiwọn: àwọn kan fẹ́ kun ògiri, àwọn kan fẹ́ pín aṣọ. Mo ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ ná, torí a kì í fárí lẹ́yìn olórí. A lọ bá àwọn òbí ní àdúgbò tí a fẹ́ ṣiṣẹ́, àdúgbò tí nǹkan ò ti rọrùn, a sì bi wọ́n léèrè ohun tó ń ká wọn lára jù lọ nípa àwọn ọmọ wọn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ògiri. Ìyá kan tó ń fọṣọ fún oníbàárà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Tíṣà, kíláàsì kẹrin ni ọmọ mi wà. Ó ń lọ sílé ìwé lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé ìwé fún un, àwòrán ló kàn máa ń wò. Èmi náà ò mọ̀wé, báwo ni mo ṣe fẹ́ ràn án lọ́wọ́?" Àwọn tó kù ń mi orí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ibẹ̀ la ti rí iṣẹ́ wa.

Mo ti kà nípa ẹgbẹ́ Pratham, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Mumbai lórílẹ̀-èdè Íńdíà ní 1995, mo sì fẹ́ràn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọmọ. Wọn kì í wo kíláàsì tí ọmọ wà, ibi tí ìwé kíkà rẹ̀ dé ni wọ́n ń wò. Olùkọ́ á jókòó ti ọmọ, á fi lẹ́tà hàn án, tó bá mọ ìyẹn, á fi ọ̀rọ̀ hàn án, lẹ́yìn náà ìpínrọ̀ kúkurú, lẹ́yìn náà ìtàn. Ibi tí ọmọ bá dé tí kò lè kọjá ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìdánwò yìí ń gbà, bébà kan péré sì tó o ṣe. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, tí wọ́n wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé ní 2019, bá Pratham ṣe ìwádìí lórí ọ̀nà náà. Ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí yẹn ló fún mi nígboyà: àwọn ọ̀dọ́ abúlé tí kì í ṣe olùkọ́, tí wọ́n kàn dá lẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ló kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀, ìwé kíkà àwọn ọmọ tó wá sọ́dọ̀ wọn sì tẹ̀ síwájú. Bí wọ́n bá lè ṣe é, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi náà lè ṣe é.

Wọ́n sì ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí n gbádùn. Lọ́jọ́ ìdánwò, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ọmọbìnrin kékeré kan tó mọ lẹ́tà dáadáa, ṣùgbọ́n tí kò mọ bí a ṣe ń so wọ́n pọ̀ kó di ọ̀rọ̀. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kò kánjú. Nígbà tí ọmọ náà so ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ pọ̀, òun ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò gbà kí ẹlòmíràn kọ́ ọmọ yẹn mọ́.

Ó wá ku ìwé. Àwọn ọmọ tó ti lè ka ìpínrọ̀ nílò ohun tí wọ́n á máa kà, torí ẹni tí kò rí ìwé kà yóò gbàgbé èyí tó mọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí mò ń sọ fẹnu ara wọn sọ pé àwọn yóò fún wa. Wọn ò sọ pé ohunkóhun so mọ́ ọn. A ti sọ fún àwọn òbí, àwọn ọmọ ti ń ka ọjọ́. Ìgbà tí a dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìkẹ́rùsí, tí awakọ̀ ti pa ọkọ̀ rẹ̀, ni òṣìṣẹ́ wọn kan mú bébà jáde. Ó ní kí á kọ́kọ́ ṣe ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀. Ó ní a gbọ́dọ̀ gbé pátákó orúkọ ilé-iṣẹ́ náà kọ́, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan di ìwé mú, kó kọjú sí kámẹ́rà, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀ sábẹ́ fọ́tò. Wọn yóò gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní mi ò lè ti ibẹ̀ gba ìyẹn fún ọmọ ọlọ́mọ. Ó ti ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ padà lófìfo.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn òbí, torí àwọn ló ni ọmọ. Àwọn kan ní kò burú. Púpọ̀ nínú wọn kọ̀. Ìyá tó ń fọṣọ yẹn sọ èyí tí mi ò lè gbàgbé: "Tíṣà, ẹ má bínú. Ìwé la fẹ́, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò ní dúró síwájú páálí kí gbogbo ayé máa wò ó pé ọmọ tálákà nìyí. Ó máa dàgbà. Ó máa wáṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ á wá rí fọ́tò yẹn." Kí lẹ fẹ́ kí n sọ sí ìyẹn? Òótọ́ ló sọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ló kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà, èmi kàn tún gírámà rẹ̀ ṣe ni. Wọ́n tọ́ka sí Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1989. Abala 16 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tojú bọ ìgbésí ayé ọmọ lọ́nà tí kò tọ́. Abala 12 ní kí a gbọ́ tẹnu ọmọ nínú ọ̀rọ̀ tó bá kàn án. Wọ́n tún dá àbá: ẹ ya fọ́tò páálí, ẹ ya fọ́tò ọwọ́ tó ń ṣí ìwé, ẹ ya fọ́tò àwa akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń kó ẹrù, àwọn òbí wa ti gbà. Lẹ́tà tó ní ọ̀wọ̀ ni, kò sí ọ̀rọ̀ líle kan nínú rẹ̀. Wọn ò fèsì. Mo pè, wọ́n ní ọ̀gá ò sí nílé. Mo tún pè, wọ́n ní ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ẹ̀ka yẹn, kí á tún lẹ́tà mìíràn kọ. Àwọn ọmọ kékeré ń bi wá pé ìwé dà. Kí ni àgbàlagbà ń fi ojú ọmọ tí kò ní ìwé ṣe tó bẹ́ẹ̀, tí ìwé fúnra rẹ̀ á fi máa gba eruku?

Nínú ìdúró yẹn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ wa wá bá mi. "Mà, ṣé a ò lè máa kọ ìtàn tí wọ́n bá sọ fún wa sílẹ̀?" Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà bó ṣe sọ ọ́ gan-an, ọmọ á ya àwòrán sí i, a ó fi òwú gán an pọ̀. Ohun tí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ sọ kì í le fún un láti kà, torí ó ti mọ ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà wá yọ̀ǹda ìwé níkẹyìn, lórí àbá tí a ti dá láti ìbẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ le ju agbára àwọn ọmọ náà lọ. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe ni wọ́n ń jà sí.

Nǹkan kan tún wà tó dùn mí: kíka wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣiṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún àwùjọ. Ó níbi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti jẹ́ dandan. Ní Ontario ní Kánádà, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe wákàtí 40 kó tó gba ìwé ẹ̀rí girama. Ní Maryland ní Amẹ́ríkà, wákàtí 75 ni, tàbí ètò mìíràn tí àgbègbè ilé ìwé bá là sílẹ̀ tí ìpínlẹ̀ sì fọwọ́ sí. Mi ò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n òbí kan pè mí pé kí n bá òun fọwọ́ sí wákàtí ọmọ òun tí kò yọjú, torí ó fẹ́ fi í wọ yunifásítì. Mo kọ̀ fún un. Ọmọ kékeré kan jókòó sórí àga dúró de ọmọ rẹ̀ yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò sì gbà kí ẹlòmíràn kọ́ òun.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ gba àdéhùn ẹni tó fẹ́ fún yín ní nǹkan sínú ìwé kí ẹ tó sọ fún ọmọ kankan, ọ̀rọ̀ fọ́tò ni kí ẹ sì kọ́kọ́ bi í. Ẹ má háyà ọkọ̀ àfi tí wọ́n bá ti kó ẹrù síta tí ẹ fi ojú rí i. Ẹ fi akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ọmọ kan, kí ẹ má máa pààrọ̀ wọn, torí ọmọ tó ń tijú pé òun ò mọ̀wé kà ò lè máa tijú fún ẹni tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìdajì wákàtí tó fún ọmọ kékeré lẹ́ẹ̀kan, ó sàn kó wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ju kó jókòó pẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ sì ronú sí àsìkò ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ṣáájú, torí ẹnikẹ́ni ò ní lè wá nígbà yẹn.

Nítorí ìyẹn la ṣe ń dá àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà tó ti parí girama lẹ́kọ̀ọ́ báyìí. Wọ́n ti mọ ìdánwò bébà náà, wọ́n ti ń gán ìwé. Ìyá tó ń fọṣọ ló yọ̀ǹda ìta ilé rẹ̀ fún wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ìwé náà sì wà.