Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Fi Ìwádìí Lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Gba Kirẹ́díìtì

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣì ń wá oyè àkọ́kọ́ lè ṣe ìwádìí lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan, kí wọ́n sì kà á sí kọ́ọ̀sì tó ní kirẹ́díìtì fún un, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka kọ́ọ̀sì mọ́ oyè. Yunifásítì MIT bẹ̀rẹ̀ ètò tiwọn, tí wọ́n ń pè ní UROP, ní 1969, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn náà sì ti ní irú rẹ̀. Iṣẹ́ yìí kì í sábà bàjẹ́ nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀wé. Ìbéèrè tó ju agbára sẹ̀mẹ́sítà kan lọ, àti àdéhùn tó jẹ́ ti ẹnu lásán, ló máa ń bà á jẹ́.

Kí o tó wá ọ̀jọ̀gbọ́n

Bẹ̀rẹ̀ ní oṣù méjì sí mẹ́ta ṣáájú sẹ̀mẹ́sítà. Lọ bá olùdámọ̀ràn ẹ̀kọ́ rẹ. Kirẹ́díìtì mélòó ni kọ́ọ̀sì náà? Ṣé ó wà lára ohun tí oyè rẹ ń béèrè, àbí kọ́ọ̀sì àṣàyàn lásán ni? Ṣé máàkì ni wọ́n ń fúnni, àbí wọ́n kàn ń sọ pé èèyàn yege? Ọjọ́ wo ni ìforúkọsílẹ̀ ń parí? Ìbéèrè kejì yẹn ni ọ̀pọ̀ kì í bi, àfi ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ jáde tí wọ́n wá rí i pé iṣẹ́ náà kò dí àlàfo kankan. Béèrè ọ̀rọ̀ owó pẹ̀lú, torí níbi púpọ̀, èèyàn kò lè gba owó iṣẹ́ àti kirẹ́díìtì fún wákàtí kan náà.

Kirẹ́díìtì 1 sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ wákàtí 3 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 15. Kirẹ́díìtì 3 wá di wákàtí 9 lọ́sẹ̀, ìyẹn 135 lápapọ̀. Má gbàgbé iye yìí, òun la ó fi gé ìbéèrè sí ìwọ̀n.

Lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n

Yan ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ka àpilẹ̀kọ méjì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Wádìí lọ́wọ́ àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ bóyá wọ́n máa ń ráyè fún akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí orúkọ rẹ̀ kò ròkè tó ń jókòó tini sàn ju gbajúmọ̀ tí kì í gbélé lọ.

Má fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí ogún èèyàn. Jẹ́ kó kúrú, kó sì hàn nínú rẹ̀ pé o kàwé wọn, báyìí:

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí bí oyin ṣe ń yan òdòdó, ó sì wù mí láti mọ ìdí tí ẹ fi yọ àwọn ọjọ́ òjò kúrò. Mo ti ṣe kọ́ọ̀sì ìṣirò dátà, mo sì lè fi wákàtí 9 sílẹ̀ lọ́sẹ̀ fún ìwádìí oníkirẹ́díìtì ní sẹ̀mẹ́sítà tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wá rí yín fún ìṣẹ́jú 15?*

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí èsì, rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan. Bí wọn kò bá tún dáhùn, lọ bá ẹlòmíràn.

Gé ìbéèrè náà kúrú

"Kí ló ń dí oorun akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́?" kò ṣeé ṣe tán ní wákàtí 135. "Láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní ẹ̀ka kan, ṣé àwọn tó ń tẹ fóònù lórí ibùsùn máa ń pẹ́ sùn ju àwọn yòókù lọ?" ṣeé ṣe. Pín wákàtí rẹ kí o tó gbà á: 30 fún ìwé kíkà, 15 fún ẹ̀kọ́ àti ìyọ̀ǹda, 45 fún dátà, 25 fún ìtúpalẹ̀, 20 fún kíkọ. Bí ìbéèrè náà kò bá wọlé síbẹ̀, tún un gé.

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda kì í ṣe eré. Bí ìwádìí rẹ bá kan èèyàn, o gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí, kí IRB, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí tó kan èèyàn wò, sì ti dá ọ lóhùn kí o tó bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Wọn kì í padà fọwọ́ sí dátà tí o ti gbà lọ́wọ́ èèyàn kí ìyọ̀ǹda tó dé, bẹ́ẹ̀ ìyọ̀ǹda lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọ̀nà tó yá jù ni kí o wọnú iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí, kí ọ̀jọ̀gbọ́n sì fi orúkọ rẹ kún un. Tó bá jẹ́ láàbù, ẹ̀kọ́ ààbò ló ń ṣáájú.

Àdéhùn ojú ìwé kan

Kọ èyí sílẹ̀: wákàtí iṣẹ́ lọ́sẹ̀, ọjọ́ tí ẹ ó máa rí ara yín (ìṣẹ́jú 30 lọ́sẹ̀ ti tó), ohun tí o máa fi sílẹ̀ níparí, bí máàkì yóò ṣe pín, ẹni tó ni dátà, àti bí orúkọ rẹ yóò ṣe wọ àpilẹ̀kọ bí ó bá jáde. Ti orúkọ yẹn ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù, nítorí náà sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kó sì dé ẹ̀ka yín kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí.

Láàárín sẹ̀mẹ́sítà

Kọ ohun tí o ṣe sínú ìwé àkọsílẹ̀ lọ́jọ́ tí o ṣe é gan-an, pẹ̀lú déètì. Bí o bá ṣì í kọ, fa ìlà kan lé e, má ya ojú ewé kankan. Má fọwọ́ kan dátà àkọ́kọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí o máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, kí òmíràn sì wà níbi tí kì í ṣe kọ̀ǹpútà rẹ. Lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan, fi ìlà mẹ́ta ránṣẹ́: ohun tí ẹ fẹnu kò lé, ohun tí o máa ṣe, ọjọ́ tí wàá ṣe é tán.

Bí iṣẹ́ bá há, sọ ọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sá fún ọ̀jọ̀gbọ́n nítorí pé kò rí nǹkan ṣe kì í mọ̀ pé ìṣòro tí wọ́n lè yanjú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń fi oṣù kan gbé kiri.

Fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé ìwádìí rẹ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 12, kí ọ̀jọ̀gbọ́n lè ráyè kà á, kí ìwọ náà sì ráyè tún un ṣe. Bí fóònù kò bá ní nǹkan ṣe pẹ̀lú oorun, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èsì ni ìyẹn náà. Fi dátà sílẹ̀ pẹ̀lú àlàyé ohun tó wà nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà tí o fẹ́ kí wọ́n fi jẹ́rìí rẹ, béèrè rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ rẹ ṣì wà lọ́kàn wọn, kí o sì fún wọn ní àkọsílẹ̀ ohun tí o ṣe.