Ẹ sọ fún wa pé inú omi ló ṣubú sí

Ọdún 17 rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka pàjáwìrì l'Ékìtì níbí. Bí òjò bá ti rọ̀ bayìí, ọlọ́kadà kan á já sínú odò tàbí gọ́tà.

Ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá lálẹ́ Sátidé, eegun ojúgun rẹ̀ ti lu awọ jáde. "Ó ṣubú lórí ọkadà," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ohun tí mo kọ sílẹ̀ náà nìyẹn. Ṣòkòtò rẹ̀ ń kán tótó, mo ṣe bí òjò ló pa á. Lọ́jọ́ kejì ẹsẹ̀ wú, omi pupa rúsúrúsú ń sun lábẹ́ báńdéèjì, ó ń rùn. Ewé odò ni dókítà fà jáde níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ní abẹ́ afárá ni wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọ tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ. Èmi ni mi ò béèrè.

Kòkòrò kan wà nínú odò, Aeromonas lorúkọ rẹ̀, ó máa ń yára ba ẹran ara jẹ́. Abẹ́rẹ́ cefazolin tí wọ́n sábà máa ń fún ẹni tí eegun rẹ̀ yọ síta kò ká a. Tí dókítà bá mọ̀ pé omi odò ni, á fi ceftriaxone tàbí ciprofloxacin kún un. Omi òkun ní kòkòrò tirẹ̀, Vibrio. Ti Èkó nìyẹn, àwa ò ní òkun.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ fa ẹni tó ṣubú náà kúrò nínú omi, kí ẹnì kan di ẹsẹ̀ tó kán náà mú gbọọrọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ ojú egbò, kì í ṣe orí eegun. Ẹ gé ṣòkòtò, ẹ má fà á bọ́. Ẹ ṣa ewé àti ẹrẹ̀ tó wà lókè kúrò. Pure water kan tàbí méjì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ já lè ṣan èyí tó kù, ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má tu inú egbò, ẹ má ti eegun padà. Dettol, kèrósíìnì, ìyẹ̀fun kápúsù (mo ti rí i tó dì bí àkàrà), ẹ jọ̀wọ́, rárá. Ẹ fi fóònù ya egbò náà ní fọ́tò, kí a má baà máa ṣí i fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ẹ wá fi aṣọ mímọ́ tí ẹ fi pure water rin bo egbò náà, ẹ so pákó mọ́ ẹsẹ̀ láti òkè orúnkún dé ìsàlẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó so ó àti lẹ́yìn náà: bó bá tutù tàbí tí kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, ẹ dẹ okùn. Ẹ má fún un ní oúnjẹ tàbí omi, tíátà ń bọ̀.

Màmá rẹ̀ á ní kẹ́ ẹ gbé e rulé, kẹ́ ẹ pe ẹni tó ń to eegun. Ẹ má gbọ́. Láàárín wákàtí kan ló yẹ kó ti gba abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò. Bí ẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: omi wo ni, odò ni àbí gọ́tà, wákàtí mélòó ló ti tó? Ẹ bèèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì pẹ̀lú.

Egbò tó ti mu omi ìdọ̀tí kì í dúró di àárọ̀. Nínú tíátà, wọ́n á gé ẹran tó ti kú, wọ́n á da dríìpù oníyọ̀ sí i wọ́ọ́rọ́wọ́, lítà mẹ́ta sí mẹ́sàn-án. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2015 fi hàn pé fífi ọṣẹ fọ irú egbò bẹ́ẹ̀ kò sàn ju omi iyọ̀ lásán lọ.

Wọn ò ní rán ojú egbò náà pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìyá kan bá mi jà lórí èyí, ó ní a ò ka ọmọ òun sí. Lẹ́yìn wákàtí 48 ni wọ́n tún ṣí i wò. Inú egbò náà pupa, ó mọ́, wọ́n sì rán an. Ìyá náà fún mi ní iṣu méjì.