Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Òṣùwọ̀n Òdodo fún Ìtọ́jú Tó Yẹ Kó Ṣáájú

Kò sí ètò ìlera kan láyé tí owó àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó fún gbogbo ìtọ́jú tí àwọn ènìyàn nílò, nítorí náà ìgbìmọ̀ tó bá ní àwọn kì í fi ìtọ́jú kan ṣáájú òmíràn ń ṣe é níkọ̀kọ̀ ni. Ẹ kọ òṣùwọ̀n tí ẹ óò lò sílẹ̀ kí orúkọ ìtọ́jú kankan tó dé iwájú yín, torí ẹni tó bá ti mọ ẹni tí òun fẹ́ gbè kò ní ṣàì rí òṣùwọ̀n tí yóò fi gbè é.

Ẹ yẹ òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan wò báyìí: ṣé ẹ lè sọ ọ́ lójú ẹni tí kò ní rí ìtọ́jú gbà, kí òun náà sì gbà pé ọ̀rọ̀ ìlera ni, bí inú rẹ̀ kò tilẹ̀ dùn? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nílùú Seattle ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀ kò kárí. Wọ́n wá gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti yan àwọn tí yóò lò ó, iṣẹ́ ènìyàn, owó rẹ̀, ìgbéyàwó rẹ̀, títí kan bó ṣe ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, sì wà lára ohun tí ìgbìmọ̀ náà ń gbé yẹ̀ wò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọlé, kódà bí wọ́n bá pè é ní ìwúlò fún àwùjọ.

Àwọn òṣùwọ̀n tó sábà máa ń yege kò pọ̀. Orílẹ̀-èdè Norway ń lo mẹ́ta: àǹfààní tí ìtọ́jú ń ṣe, ohun tó ń náni, àti bí àìsàn ṣe le tó. Ìkẹta yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, torí gbogbo ènìyàn ló máa ń fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lọ́kàn oníkálukú yàtọ̀. Ká ní ó ku ọdún 4 tí àgbàlagbà kan ìbá fi gbé nínú ìlera, tí àìsàn sì gba 2 níbẹ̀. Ká ní ti ọ̀dọ́ kan jẹ́ 60, tí àìsàn gba 20. Bí ẹ bá ka iye ọdún tó sọnù, gẹ́gẹ́ bí Norway ti ń ṣe, àìsàn ọ̀dọ́ ló le jù. Bí ẹ bá wo ìdá tó sọnù, gẹ́gẹ́ bí Netherlands ti ń ṣe, ti àgbàlagbà ni, nítorí ìdajì ohun tó kù fún un ló lọ, nígbà tí ti ọ̀dọ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Èmi fara mọ́ kíka ọdún, ṣùgbọ́n èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kedere.

Ti owó ní ewu tirẹ̀. Ní ọdún 1990, ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà fi owó ìtọ́jú wé àǹfààní rẹ̀, wọ́n sì to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ṣe ni fífi ìdérí sí eyín wà lókè iṣẹ́ abẹ fún àpẹ́ńdíìsì tó wú, àìsàn tó lè pani láàárín ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n ní láti tún un tò. Ẹ kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n yín dán àwọn ìtọ́jú tí gbogbo ènìyàn mọ ipò wọn wò.

Ẹ má sì ka ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ti ń ka ọdún tí ìtọ́jú fi kún ẹ̀mí, ọ̀dọ́ ti jẹ àǹfààní ọjọ́ orí rẹ̀ níbẹ̀; kò tún yẹ kí ọjọ́ orí dá dúró bí òṣùwọ̀n mìíràn. Ti gbèsè tí ìtọ́jú ń kó ìdílé sí yàtọ̀, nítorí kíka ọdún kò lè fi í hàn, ìdí sì nìyẹn tí ìgbìmọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ fi kà á mọ́ òṣùwọ̀n nínú ìjábọ̀ ọdún 2014.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí ènìyàn méjì fi òṣùwọ̀n náà wọn ìtọ́jú kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí èsì wọn bá jìnnà síra, ẹ tún àlàyé rẹ̀ kọ. Ẹ gbé ìpinnu àti ìdí rẹ̀ síta fún gbogbo ènìyàn. Ohun tí ìgbìmọ̀ sábà máa ń fojú fò ni àyè ìpẹ̀jọ́ fún ẹni tí ìpinnu kò tẹ́ lọ́rùn, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan náà tí òṣùwọ̀n wà: ẹni tó lè pe ẹjọ́, ibi tí yóò gbé e lọ, iye ọjọ́ tí ẹ óò fi dá a lóhùn, àti irú ẹ̀rí tuntun tó lè yí ìpinnu padà.