Bí mo ṣe ń fa pááṣì, dírìbù àti ṣúùtù yọ nínú fáìlì RoboCup 2D

Inú kọ̀ǹpútà ni àwọn agbábọ́ọ̀lù RoboCup 2D, ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn rọ́bọ́ọ̀tì, ti ń gbá bọ́ọ̀lù, 11 sí 11. Bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá parí, rcssserver, ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí eré náà, á fi fáìlì méjì sílẹ̀: .rcg, tó ní ibi tí bọ́ọ̀lù àti agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan wà àti ìyára wọn, àti .rcl, tó ní àṣẹ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fi ránṣẹ́. Ìyípo 6000 ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, ìkọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Kò síbi tí wọ́n kọ "pááṣì" sí nínú méjèèjì.

Mi ò fi pááṣì bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù ni mo kọ́kọ́ wá. Bọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni ò kàn, ìyára rẹ̀ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.94 ti ìyípo tó ṣáájú. Bó bá yàtọ̀ sí èyí, nǹkan kàn án. Àmọ́ rcssserver máa ń bu ìdàrú díẹ̀ mọ́ ọn (ball_rand, 0.05), tó ń pọ̀ bí bọ́ọ̀lù bá ṣe ń yára tó, nítorí náà òdiwọ̀n mi máa ń bá ìyára gòkè ni. Èyí tó ń tan ni jù ni ìkọlù: bí agbábọ́ọ̀lù bá rọ́ lu bọ́ọ̀lù, ìyára rẹ̀ á di ìlọ́po -0.1, á wá dà bí ẹni pé wọ́n gbá a padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo .rcl. Bí kò bá sí àṣẹ kick (gbígbá bọ́ọ̀lù) tàbí tackle (fífi ẹsẹ̀ já bọ́ọ̀lù gbà) níbẹ̀ ní ìyípo tó ṣáájú, mi ò kà á. Fún kick, ẹni náà gbọ́dọ̀ sún mọ́ bọ́ọ̀lù tó mítà 1.085; iye yìí ń yàtọ̀ díẹ̀ láti irú agbábọ́ọ̀lù kan sí òmíràn, orí fáìlì .rcg ni mo ti ń kà á.

Kick kan kì í fi ju mítà 2.7 ní ìyípo kan kún ìyára bọ́ọ̀lù lọ, bẹ́ẹ̀ 3.0 ni òpin ìyára rẹ̀, torí náà àwọn ikọ̀ tó mọṣẹ́ máa ń gbá a léraléra kí wọ́n tó jù ú sílẹ̀. Mo so gbogbo wọn pọ̀ di ẹyọ kan, mo sì lo ìyára tó gbẹ̀yìn.

Ṣúùtù ni mo ń yẹ̀ wò ṣáájú, kí èyí tí aṣọ́lé mú má baà di pááṣì tó bàjẹ́. Mo na ọ̀nà bọ́ọ̀lù dé ìlà ojúlé: y, ìyẹn bó ṣe jìnnà sí àárín ojúlé, kò gbọdọ̀ ju mítà 7.01 lọ lápá méjèèjì, ìyára tí a fi 0.06 (1 dín 0.94) pín sì gbọ́dọ̀ ju ìjìnnà tó kù lọ. Bọ́ọ̀lù tó ń sá 2.0 kò lè yí ju bíi mítà 33 lọ. Lẹ́yìn náà ló wá rọrùn: bí ẹni kan náà bá tún kàn án, dírìbù, bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá kàn án, pááṣì.

Bí ọ̀tá bá gbà á ni ọ̀rọ̀ ń le, torí pááṣì tó bàjẹ́ àti bọ́ọ̀lù tí wọ́n kàn gbá kúrò nílé jọra. Mo ń wò ó bóyá ẹlẹgbẹ́ kan wà lọ́nà bọ́ọ̀lù. Bó bá wà, pááṣì tó bàjẹ́ ni; bí kò bá sí, mo fi orúkọ ìgbábọ́ọ̀lù náà sílẹ̀ lófìfo.