Bí a ṣe ń gun òkè Àdó-Àwáyé kí a sì sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ kan náà

Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè Àdó-Àwáyé láti Ọ̀yọ́ gbọ́dọ̀ pinnu wákàtí tí yóò yí padà kí ó tó jáde nílé, nítorí pé kì í sábà jẹ́ gígun òkè ló ń kó ènìyàn sí wàhálà bí kò ṣe pé a kò tètè sọ̀kalẹ̀. Ẹ kọ wákàtí náà sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan nílé, kí ẹ sì jẹ́ kí ó mọ iye ènìyàn tó ń lọ. Ní tèmi, bó bá ti di aago 11 àárọ̀, ó yẹ kí ẹsẹ̀ ti kọjú sí ìsàlẹ̀, yálà a ti dé ibi tí à ń lọ tàbí a kò tíì dé ibẹ̀. Ẹni tó bá fi ìpinnu yìí sílẹ̀ di orí àpáta yóò máa rí ìdí tuntun láti tẹ̀ síwájú.

Agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ìṣẹ́yìn ni Àdó-Àwáyé wà. Láti Ọ̀yọ́, a ó kọ́kọ́ dé Ìṣẹ́yìn kí a tó yà síbẹ̀. Nítorí náà, ìdájí ni kí ẹ gbéra. Ó sàn kí àwọn tó ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ sùn sí Ìṣẹ́yìn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ní ìsàlẹ̀ òkè, ẹ kí àwọn ará ìlú bó ti tọ́, kí ẹ sì gba amọ̀nà, kódà bí ẹ bá rò pé ojú ọ̀nà hàn. Òun ló mọ ibi tí oyin fi ṣe ilé sínú pàlàpálá àpáta, òun náà ló sì mọ ohun tí ìlú kà léèwọ̀ ní etí adágún Ìyàkẹ́ tó wà lórí òkè náà. Àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣe síbẹ̀ ju 300 lọ, ẹ má sì sáré gùn ún. Bí ẹ kò bá lè máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń gòkè, ẹ ti ń yára jù.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti Oṣù Kọkànlá títí di Oṣù Kejì, ni àpáta máa ń gbẹ jù. Àmọ́ ọyẹ́ máa ń jẹ́ kí omi ara gbẹ láìjẹ́ pé òùngbẹ pọ̀, àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ sì máa ń sun igbó lásìkò yìí. Bí ẹ bá rí èéfín níwájú ọ̀nà yín, ẹ padà.

Ìgbà tó léwu jù lọ ni ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, láti Oṣù Kẹta sí Oṣù Karùn-ún. Òjò ìgbà yẹn sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá lẹ́yìn ọ̀sán, atẹ́gùn líle ló máa ń ṣáájú rẹ̀, ó sì yára. Nítorí náà, ojú yín gbọ́dọ̀ máa lọ sí ìlà-oòrùn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá sinmi. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá títí tí ẹ ó fi gbọ́ àrá. Mẹ́ta mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá dúró fún nǹkan bí kìlómítà kan. Bí iye tí ẹ kà kò bá tó 30, ìjì náà ti súnmọ́ yín jù: ẹ kúrò lórí àpáta, ẹ má ṣe sá sábẹ́ igi tó dá dúró, ẹ má ṣe fi ara ti ẹnu ihò àpáta, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn àrá tó kẹ́yìn. Ọmọ Ọ̀yọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun pé a kì í fi àrá ṣeré.

Ẹ wo ojú àpáta kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀ lé e. Ibi tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ tó sì ń họ ènìyàn lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ló máa ń di bàtà mú. Àwọn ìlà dúdú tó ti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ni ọ̀nà tí omi òjò ń gbà, àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín ló sì bo ibẹ̀. Nígbà tó bá gbẹ, a lè tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bí ìrì díẹ̀ bá sẹ̀ sí i, yóò máa yọ̀ bọ̀rọ́. Ẹ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dán ibẹ̀ wò kí ẹ tó gbé gbogbo ara lé e. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ gbé ìgbésẹ̀ kéékèèké, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró tààrà lábẹ́ ẹlòmíràn.

Lítà omi mẹ́ta ló yẹ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé. Bí ìdajì rẹ̀ bá tán, ẹ yí padà, kódà bí wákàtí tí ẹ dá kò bá tíì pé. Ẹ mú iyọ̀ àti ṣúgà lọ́wọ́: ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ nínú lítà omi kan, kí ṣíbí má ga lójú, ni a ń pò fún ẹni tí omi ara rẹ̀ ti gbẹ. Dùndú, ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni oúnjẹ tó dára lọ́nà; àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì dára gan-an, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí ẹ bá dé. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, nítorí pé ilẹ̀ wa máa ń yára ṣú lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀.

Ẹ má ki ọwọ́ bọ inú pàlàpálá tí ẹ kò rí inú rẹ̀. Bí ejò bá ṣán ẹnì kan, ẹ má gé ojú ọgbẹ́, ẹ má fi ẹnu fa oró, ẹ má sì fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ kúrò kí ara tó wú, ẹ di ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà mọ́ ọ̀pá igi kí ó má máa mì, ẹ gbé ẹni náà sọ̀kalẹ̀ láìjẹ́ kí ó rìn bí agbára yín bá gbé e, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìṣẹ́yìn láìdúró níbikíbi.