Gíráǹtì Kì í Ṣe Owó Fẹ́ẹ̀sìkáàpù: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe ní Àkúrẹ́

Kí ẹgbẹ́ tuntun tó gbá gọ́tà kan ṣoṣo ní Àkúrẹ́, wọ́n á ti tẹ fẹ́ẹ̀sìkáàpù, wọ́n á ti gba ọ́fíìsì ní Alágbàka. Owó bá tán, wọ́n á pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, fàùńdéṣọ̀n wo ló ń fúnni lówó báyìí?" Ó ti sú mi láti máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún oníkálùkù lórí fóònù, ni mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. N kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń wá gíráǹtì, owó ìrànlọ́wọ́ tí a kì í dá padà, ti kọjá ibẹ̀.

Èkíní, owó àgẹ́ńtì. Fàùńdéṣọ̀n gidi kì í ta fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá ní kí ẹ san nǹkan kékeré kí orúkọ yín lè wọlé, gbájúẹ̀ ni. Ìwé ẹ̀rí SCUML pàápàá, tí báǹkì ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ bíi tiwa, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀ka tó ń gbógun ti fífọ owó èrú mọ́ ni SCUML, abẹ́ EFCC ló wà. Mo mọ ọ̀gbẹ́ni kan tó san owó tó tó ra jẹnẹrétọ̀ kékeré lórí ohun ọ̀fẹ́ yìí. Ó tún ń fọ́nnu pé òun ná an dáadáa.

Èkejì, ìròyìn ọdọọdún ní CAC. Láàárín 30 oṣù kẹfà sí 31 oṣù kejìlá ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ bá kọ̀, wọn á kọ "inactive" sí iwájú orúkọ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ sì ni ẹni tó fẹ́ fún yín lówó máa yọjú wò.

Ẹ̀kẹta, ẹ má dúró di ọjọ́ ìkẹyìn. NEPA kò mọ̀ pé ẹ ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, èyí gan-an ló ń bí mi nínú: àbá iṣẹ́ tí ẹni tó kọ ọ́ kò dé àdúgbò tó ń sọ. Wọ́n á sanwó fún ẹni tó ń kọ ọ́ tà. Ọ̀kan tí wọ́n gbé wá kí n bá wọn yẹ̀ wò ní àwọn fẹ́ gba àwọn apẹja là lọ́wọ́ àkúnya Odò Àlà. Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, apẹja wo? Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ìdọ̀tí tí à ń dà sódò, àti ilé tí wọ́n kọ́ dí ojú omi ló ń lé Àlà wọ inú ilé onílé. Ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn ará Ìlàjẹ létí òkun ni wọ́n yí orúkọ ìlú rẹ̀ padà, wọ́n sì gbowó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ti dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí tún burú ju ìyẹn lọ. Ẹgbẹ́ kan rí owó gbà, wọ́n kun dúrọ́ọ̀mù ní àwọ̀ ewé, wọ́n tò ó sínú ọjà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n bá tiwọn lọ. Wọn ò rí Ìyálọ́jà. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ ta ni yóò máa kó o dànù. Nígbà tí mo débẹ̀, ìyá oní-púpúrú ti dojú ọ̀kan délẹ̀, ó gbé igbá ọjà rẹ̀ lé e. Òmíràn kún fún omi tí wọ́n fi ń fọ ẹja, wọ́n fi pákó dé e kí ọmọdé má baà kó sí i. Mo bi ìyá náà léèrè. Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n kàn gbé e jù sílẹ̀ ni. Tá a bá da ìdọ̀tí sí i, ta ló máa kó o? Ṣé ìwọ ni?" N kò rí èsì fọ̀. Ìpín-ìpín sì ni ọ̀pọ̀ fàùńdéṣọ̀n ń sanwó. Ẹni tí wọ́n rán wá wo iṣẹ́ náà rí ohun tí mo rí, ìpín kejì kò sì jáde mọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ẹ lọ kí Ìyálọ́jà, ẹ lọ jókòó sí ìpàdé àwọn lándílọ́ọ̀dù, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn. Ẹ béèrè iye báro lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ẹ bi onítípà ní Ìsìkàn léèrè iye tó ń gbà láti kó ìdọ̀tí ẹ̀ẹ̀kan. Kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí yóò máa bá iṣẹ́ lọ nígbà tí owó bá tán.

Ọ̀rọ̀ risíìtì ńkọ́? Ìyá tó ń ta ìgbálẹ̀ kò ní risíìtì, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ohun tí ẹ rà àti iye rẹ̀ sílẹ̀, kó buwọ́ lù ú tàbí kó tẹ̀ka. "Bàbá Risíìtì" ni àwọn ọmọ ọ́fíìsì wa ń pè mí. Wọ́n ní bí mo bá ra bọ̀ọ̀lì, àfi kí oníbọ̀ọ̀lì tẹ̀ka. Wọn ò parọ́.

Ẹ má kọ "owó orísirísi" sínú ètò ìnáwó. Ẹ má fi ìyàwó, àbúrò àti àna ààrẹ ẹgbẹ́ ṣe ìgbìmọ̀.

Ẹ sì máa ka ohun tí olówó ní òun fẹ́ náwó lé. ACT Foundation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2016, dárúkọ ìlera, ìdókòwò, àyíká àti ìdarí. Tí tiyín bá jẹ́ ijó ìbílẹ̀, ẹ wá ibòmíràn lọ. Bí wọn ò bá sì mú yín, ẹ kọ̀wé béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn; ẹ má pè mí láago mọ́kànlá òru pé kí n bá yín gégùn-ún fún wọn.