Bí a ṣe ń lọ ṣiṣẹ́ ọdún méjì ní ìlú Ọba kí ilé má tú lẹ́yìn ẹni

Ẹni tó ń jápa pátápátá lè ta mọ́tò, kó ta fìríìjì, kó sì dágbére fún àdúgbò. Ẹni tó gba iṣẹ́ ọdún kan sí mẹ́ta ní ìlú Ọba, tó fẹ́ ṣe é tán kó padà wálé, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àtilọ àtàbọ̀ ló ń múra sílẹ̀ fún lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún méjì ni èmi lò ní Manchester, físà kò sì yọ mí lẹ́nu tó ilé tí mo fi sílẹ̀. Ibẹ̀ ni màá pẹ́ sí jù nínú ohun tí mo kọ yìí.

Ẹ yẹ iṣẹ́ náà wò

Iṣẹ́ ló ń bí físà. Agbanisíṣẹ́ tí ìjọba ibẹ̀ fún láṣẹ ló máa fún yín ní Certificate of Sponsorship, ìyẹn ìwé onígbọ̀wọ́ tí gbogbo èèyàn ń pè ní CoS. Orúkọ gbogbo ilé iṣẹ́ tó ní àṣẹ yìí wà lórí gov.uk, ẹnikẹ́ni ló sì lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá orúkọ ilé iṣẹ́ tiyín níbẹ̀ kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ owó. Ajẹ́ẹ́ntì tó bá ní òun ń ta CoS, ẹ má jókòó tì í. Òfin ibẹ̀ kò gbà kí agbanisíṣẹ́ gan-an gba owó CoS lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ẹni tó ń pàtẹ ẹ̀ ní Ìkẹjà.

Ẹ wo owó oṣù náà pẹ̀lú. Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, owó tó kéré jù fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lábẹ́ físà Skilled Worker ti di £41,700 lọ́dún; àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti olùkọ́ ní òṣùwọ̀n tiwọn. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n dá gbígba olùtọ́jú arúgbó láti òkè òkun dúró. Ẹni tó bá ní òun ní iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún yín báyìí láti Nàìjíríà, owó yín ló ń wá.

Bí àdéhùn iṣẹ́ bá dé, ẹ kà á dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Ohun méjì ni kí ẹ fi bírò yí ká: iye oṣù tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ṣèkìlọ̀ kí ẹ tó kúrò, àti iye tí ẹ máa san padà bí ẹ bá kúrò kí àkókò tó pé. Ẹ fi sọ́kàn pẹ̀lú pé bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ yín, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn láti wá agbanisíṣẹ́ mìíràn tàbí kó di ẹrù rẹ̀.

Ìwé àti owó

Ẹ rí i pé orúkọ inú NIN, ìwé ìrìnnà àti sáàtífíkéètì yín bára mu. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri, ní Ìkẹjà tàbí Àbújá. Oṣù mẹ́fà ni ìwé rẹ̀ ń lò, ẹ má tètè ṣe é jù. Ní ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Kìíní ọdún 2026 ni wọ́n ti gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ sókè sí ìpele tí wọ́n ń pè ní B2. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń yọ̀ǹda fún, nítorí náà ẹ ṣe ìdánwò, tàbí kí ẹ ní kí Ecctis, ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí òkè òkun wò níbẹ̀, jẹ́rìí sí i pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ yín ní yunifásítì.

Owó tó máa ń bá èèyàn lójijì ni owó ìlera tí wọ́n ń pè ní IHS. £1,035 ni fún àgbàlagbà kan lọ́dún kan, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹ sì máa san ti gbogbo ọdún tí físà yín máa lò. Tọkọtaya tó ń lọ fún ọdún méjì máa san £4,140 kí wọ́n tó rí bàálù. (Ẹni tó ní físà òṣìṣẹ́ ìlera kì í san án.) Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tó mọ̀ pé ọdún méjì lòun fẹ́ lò pé kí ó má gba CoS ọdún márùn-ún torí àtiṣe fáàrí. Bí agbanisíṣẹ́ kò bá sì kọ ọ́ sínú CoS pé òun máa gbọ́ bùkátà yín ní oṣù àkọ́kọ́, £1,270 gbọ́dọ̀ ti wà nínú àkáǹtì yín fún ọjọ́ 28 gbáko.

Ilé tí ẹ ń fi sílẹ̀

Iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá rọra yọ́ lọ tí owó oṣù ṣì ń wọlé ń wá ẹjọ́: ní 2024, Ààrẹ Tinubu pàṣẹ pé kí irú wọn dá owó náà padà. Ẹ kọ̀wé béèrè ìsinmi tí kò ní owó oṣù nínú. Bí wọ́n bá gbà, ẹ tọ́jú lẹ́tà náà bí ẹ̀rí ilẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ fiṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé.

Lẹ́yìn náà, láìnì fóònù yín. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láìnì tí èèyàn kò bá lò fún oṣù mẹ́fà, ilé iṣẹ́ fóònù lè pa á. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá kọjá lé e, wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíràn. Láìnì tí mo fi ṣe BVN ni mo jù sínú dúrọ́ọ̀ ní Ìbàdàn. Ọjọ́ tí mo fẹ́ san owó ilé ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo rántí pe nọ́ńbà ara mi, ọkùnrin kan sì fi Haúsá kí mi káàárọ̀. Owó wà nínú àkáǹtì, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ọ̀gbẹ́ni yẹn ni OTP ń lọ. Ó di ìgbà tí mo wálé kí báńkì tó tún un ṣe. Ẹ ṣí roaming, kí láìnì náà lè ṣiṣẹ́ lókè òkun, kí ẹ tó kúrò ní Nàìjíríà, ẹ mú káàdì SIM náà dání, ẹ máa ra káàdì sí i, kí ẹ sì máa fi pe ìyá yín lóṣooṣù.

Ilé ńkọ́? Bí ẹ bá ń háyà ni, ẹ kúrò, kí ẹ kó ẹrù sọ́dọ̀ ẹbí. Bí ilé tiyín ni, ẹ gbé e fún ayálégbé pẹ̀lú ìwé tó ní ọjọ́ tí ó máa jáde nínú. Ẹ̀gbọ́n tó ní “màá bá ẹ ṣọ́ ọ” náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, kí ẹni kẹta sì wà níbẹ̀. Mọ́tò tó dúró sójú kan fún ọdún méjì, táyà rẹ̀ àti bátìrì rẹ̀ ti lọ. Ẹ tà á. Ẹ parí àjọ tí ẹ ń dá, pàápàá bí ẹ bá ti kó tiyín. Iye tí ẹ máa máa fi ránṣẹ́ sílé lóṣù, ẹ sọ ọ́ jáde níṣojú gbogbo wọn kí ẹ tó lọ. Bí ẹ bá dé òkè òkun kí ẹ tó sọ ọ́, gbogbo iye tí ẹ bá dá ni wọ́n máa pè ní ahun.

Àpò ẹrù

Ẹ fi pọ̀ǹmọ́, ẹran gbígbẹ àti wàrà sílẹ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù máa gbà á. Ẹja gbígbẹ kò burú, wọ́n fàyè gba tó 20kg. Wọ́n gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò, ṣùgbọ́n iṣu nílò ìwé ẹ̀rí. Kóòtù òtútù, ẹ rà á níbẹ̀: ti Èkó kò tó òtútù tó wà níwájú.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ẹ wọ inú àkáǹtì yín lọ́dọ̀ UKVI, àjọ tó ń fúnni ní físà, ẹ wò ó bóyá orúkọ àti ọjọ́ inú eVisa, ìyẹn físà orí ayélujára, pé. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò, tí wọ́n ń pè ní GP, kí àìsàn tó dé. Ẹ béèrè fún nọ́ńbà National Insurance, tí wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ owó orí òṣìṣẹ́.

Bí ẹ bá rí yàrá ní England, owó ìdúró (deposit) kò gbọ́dọ̀ kọjá iye owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún (ẹni tó ti háyà ilé l'Ékòó rí máa mọ adùn rẹ̀), onílé sì gbọ́dọ̀ fi í sọ́dọ̀ àjọ tó ń tọ́jú rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ ya fọ́tò ògiri, kápẹ́ẹ̀tì àti mítà iná lọ́jọ́ tí ẹ wọlé.

Ìwé owó oṣù àkọ́kọ́, ẹ má sáré pa á dé. Wọ́n lè fi kóòdù owó orí pàjáwìrì yọ owó orí tó pọ̀ jù. £12,570 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ pe HMRC, àjọ owó orí ibẹ̀, wọ́n máa ń dá a padà. Láìsẹ́ǹsì awakọ̀ Nàìjíríà sì máa lò fún oṣù méjìlá péré.

Nígbà tí àbọ̀ bá tó

Ẹ ṣèkìlọ̀ ní oṣù tí àdéhùn sọ. Ẹ gba P45, ìwé tó ń sọ iye owó oṣù àti owó orí yín, lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́, kí ẹ sì fi fọ́ọ̀mù P85 sọ fún HMRC pé ẹ ń lọ. Bí ẹ bá kúrò láàárín ọdún owó orí, wọ́n sábà máa ń jẹ yín ní owó orí díẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì ibi iṣẹ́ kò ní tẹ̀ lé yín wálé: ó di ìgbà tí ẹ bá pé ọmọ ọdún 55 kí ẹ tó lè gbà á, láti 2028 sì ni yóò di 57. Àwọn kan máa ń yọ ara wọn kúrò nínú rẹ̀ láàárín oṣù àkọ́kọ́ kí wọ́n lè gba tiwọn padà. Èmi fi tèmi síbẹ̀, torí agbanisíṣẹ́ ń fi tirẹ̀ kún un. Ẹ kọ orúkọ ilé iṣẹ́ ìfẹ̀yìntì náà àti nọ́ńbà yín sínú ìwé kan, kí ẹ fi sínú fáìlì kan náà tí ẹ̀rí ilẹ̀ yín wà.